Táyà Ni Kí Ẹ Ra Dígí Fún, Ẹ Fi Ojú Mi Sílẹ̀

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kan ibùsùn àkọ́kọ́ tó sùn lé,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo kí ọkọ rẹ kú àmójútó, mo kí àwọn ọmọ méjèèjì, mo sì kí ọ kú ìfaradà òtútù inú ọ́fíìsì yín, èyí tí ẹ̀yin ń fi owó rà tí àwa níbí ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìdájí. Àdúrà mi fún ọ ni pé ibi tí ojú rẹ bá kọ sí, kí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì kọ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ọ̀kan má máa lọ sí ọ̀tún kí èkejì máa lọ sí òsì. Ṣe àmín dáadáa, nítorí mo mọ ohun tí mo rí kí n tó gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Tí o bá wà lórí ìdúró, wá àga jókòó, ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kò dára fún ẹni tó dúró.

Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Àgbébọ̀ adìẹ ìyá rẹ pa ọmọ mẹ́sàn-án, àwòdì gbé méjì, ó ku méje. Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, mo ti gun orí rẹ̀ lọ kàn án, má bínú pé mo gun òkè, mo ti sọ̀ kalẹ̀ kí o tó gbọ́. Orúnkún ìyá rẹ ti ọ̀tún ṣì ń dùn ún, àmọ́ ó ti padà sí lílọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì bó ṣe yẹ, kò sì gun alùpùpù lọ o. Inú mọ́tò wa ló jókòó sí bí ayaba. Èmi ni mo wà á. Padà ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì: èmi bàbá rẹ, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo wa mọ́tò náà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tuntun nínú àpò àyà mi.

Mo mọ̀ pé o ti la ẹnu sílẹ̀. Pa á dé, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀.

O rántí pé ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ méjèèjì ṣe ìpàdé lé mi lórí ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nínú yàrá tí ẹ kọ́ sínú fóònù yẹn, tí èmi náà sì jókòó síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi mí pé Bàbá, kí lẹ rí sí i. Ìwọ lo kọ̀wé pé ojú Bàbá ti lọ, pé ọgbà tíṣà tó wà ní ìkòríta tí mo fi mọ́tò wó fi hàn pé ojú ti lọ, pé kí wọ́n ra dígí fún mi kí wọ́n sì ta mọ́tò. Àwọn àbúrò rẹ ò sọ nǹkan kan, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo wo àtàǹpàkò náà, mo pe ìyá rẹ, òun náà wò ó. Ọmọ mi, èmi ni mo ń gé èékánná yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, mo mọ ọwọ́ ọmọ mi. Àtàǹpàkò tó pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn pípọ́n yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Mo wá sọ fún ìyá rẹ pé àlejò ti wọ inú ìpàdé, nítorí náà ìdájọ́ rẹ̀ kò múlẹ̀.

Àmọ́ o tún ránṣẹ́. O ní ìwé àṣẹ mi ti fẹ́ kú, kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dán awakọ̀ wò. O ní bí wọ́n bá ní mo yege, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pa ẹnu mọ́, bí mo bá sì kùnà, kí n kó kọ́kọ́rọ́ fún mẹkáníìkì kó bá wa wá ẹni tó máa rà á. Mo gbà. Àdéhùn ni àdéhùn.

Kí n má purọ́ fún ọ, mọ́tò náà ń ṣe nǹkan. Láti ìgbà ìsinmi tí o wá kí wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì, á ya sí òsì, á sì rìn jìnnà kó tó dúró, bí ẹni tí a ń pè tó ń dá wa lóhùn láìyí ojú padà. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹrù òsì ló pọ̀ jù. Mo wá gbé ìyá rẹ sí ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún kó lè fa mọ́tò padà. Ó ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tó bá jẹun yó, àmọ́ ìyá rẹ kì í ṣe ẹni tó ń jẹun púpọ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, ẹni tí ọ́ìlì kì í kúrò létí rẹ̀ yẹn. Ó pààrọ̀ bíréèkì, òsì ló tún ń lọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òsì náà ni. Nígbà tí mo dé lẹ́ẹ̀kẹta, kò wo mọ́tò mọ́, ojú mi ló ń wò, ó sì rọra bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí. Ṣé o rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi jáde. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́rìnlélógójì ṣe káfíńtà, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó tọ́ àti ohun tó wọ́. Mo ta okùn láti iná iwájú dé iná ẹ̀yìn, mo ta á lọ́tùn-ún, mo ta á lósì, mo fi ìwọ̀n onígun wo gbogbo igun rẹ̀. Ara mọ́tò náà gún régé. Ó dáa, bí kọ́bọ́ọ̀dù bá gún tí kò sì dúró dáadáa, kí ló kù? Ilẹ̀ ni. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé títì ló wọ́. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì sí káńsù pé kí wọ́n wá hú títì wọn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n tún un tò, pé èmi á yá wọn ní okùn mi láìgba kọ́bọ̀. Wọn ò tíì dáhùn. Tí o bá mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bá mi bẹ̀ ẹ́ kó fa lẹ́tà náà ya, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdánwò, wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ṣé mo máa ń mu ọtí. Mo kọ ọ́ pé ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ ká parí ìdánwò ná. Wọ́n béèrè pé ta ni kí wọ́n pè bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ orúkọ mẹkáníìkì, nítorí kí ni ìwọ mọ̀ nípa mọ́tò tó ti fọ́? Ọ̀gá tó ń dán wa wò, ọkùnrin gíga kan tó gbé fèrè kọ́rùn, ka fọ́ọ̀mù mi, ó wò mí, ó tún un kà.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà méjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀nà tóóró, wọ́n fa òmíràn dábùú níwájú. Kí n sáré bọ̀, bí mo bá gbọ́ fèrè kí n tẹ bíréèkì, kí mọ́tò má kúrò láàárín ilà méjèèjì, kó má sì kọjá ilà ìdábùú. Mo sáré bọ̀. Fèrè dún. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, mọ́tò náà rékọjá ilà òsì, ó rékọjá ilà iwájú, ó sì lọ kí tábìlì ọ̀gá náà. Kò sẹ́ni tó fara pa, tíì ló dà sórí ìwé wọn. Ọ̀gá náà nu ìwé mi gbẹ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo kùnà, pé kí n lọ yẹ ojú mi wò, kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní.

Mo dé ilé, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyá rẹ kó bá mi pa á mọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn á fi pé. N kò jẹun ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé ẹ sọ pé mo ti darúgbó ló dùn mí, darúgbó ni mí lóòótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé èmi gan-an ti ń gbà á gbọ́. Ọjọ́ ìwòsàn dé, ìyá rẹ ní orúnkún òun ti fúyẹ́, pé kò pọn dandan kí òun lọ. Mo rí i bó ṣe ń di ògiri mú lọ sí ilé ìdáná. Èmi náà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo ronú pé bí mọ́tò yìí bá lọ, ògiri yẹn ló máa di ọkọ̀ ìyá rẹ.

Mo lọ yẹ ojú náà wò, kí n má bàa jẹ ẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà gbé ìwé kọ́ sára ògiri lọ́hùn-ún, ó ní kí n kà á. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jáde kún un. Ó ní ojú tí mo fi ń wo òkèèrè kò ní àbùkù kankan. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì padà sílé, mo ń bi ara mi pé bí kì í bá ṣe ojú mi, tí kì í ṣe bíréèkì, tí káńsù ò sì dáhùn, kí ni?

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. A ń kọjá níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n ya táyà sí ara ògiri rẹ̀, obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù lóṣòó síwájú mọ́tò kan, ó pa ojú kan dé, ó sì fi èkejì wo ẹ̀gbẹ́ táyà lọ gbọọrọ. Mo ní kí awakọ̀ dúró. Mo ní kó dúró níbẹ̀ yẹn. Ọmọ mi, ẹni tó bá ń pa ojú kan dé bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ń wá ohun tó wọ́ ni. Bí mo ṣe ń wo pákó ní gbogbo ọjọ́ ayé mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kí mẹkáníìkì bá mi wa mọ́tò lọ síbẹ̀. Obìnrin náà ò bi mí léèrè ọjọ́ orí. Ó fi ọwọ́ pa táyà iwájú, ó ní kí èmi náà fi ọwọ́ pa á. Etí rẹ̀ ti inú ti pá bí orí mi, etí ti òde ṣì dà bí tuntun. Ó wá gbé mọ́tò náà sórí pèpéle irin, ó sì mú nǹkan onígíláàsì mẹ́rin jáde, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ táyà lójú. Mo ní kí nìyẹn. Ó ní ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rí ibi tí táyà kọjú sí ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ṣe ìpàdé láti ra dígí fún mi, táyà ló wá wọ̀ ọ́, gbogbo wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nọ́ńbà jáde lójú kọ̀ǹpútà, pupa ni gbogbo rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní ó fara jọ ọ́. Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kò kánjú, kò pariwo mọ́ mi. Ó ní bíréèkì ló ń di táyà mú, àmọ́ táyà ló ń di ilẹ̀ mú. Ó ní táyà iwájú òsì mi ń wo ẹ̀gbẹ́ títì nígbà tí àwọn yòókù ń wo iwájú, pé etí rẹ̀ nìkan ló ń fi tẹ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi pá. Bí mo bá wá tẹ bíréèkì, gbogbo wọn ò ní di ilẹ̀ mú bákan náà, èyí tó wọ́ á fa mọ́tò lọ síbi tó ń wò, mọ́tò á sì jìnnà kó tó dúró, bó ti wù kí bíréèkì jẹ́ tuntun tó. Aláìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe títò tí wọ́n ń tò wọ́n yẹn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúró sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa, àṣé ọ̀kan ń ṣàìsàn.

Ojú tì mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Bí ìhinjì tó gbé ilẹ̀kùn dúró bá wọ́, ilẹ̀kùn ò ní tì, bí o tilẹ̀ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Èmi tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, ara mọ́tò ni mo fi okùn wọ̀n, n kò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wọ abẹ́ mọ́tò, ó ń tú, ó ń dè, nọ́ńbà pupa ń di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí n ra táyà mìíràn dípò èyí tó pá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi ọ̀kan nínú dígí yẹn kọ́ orúnkún ìyá rẹ, ó ní ẹ̀rọ òun kì í ṣe ti orúnkún.

Ọjọ́ tí mo padà sí pápá, ọ̀gá náà ti gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ọ̀tún pátápátá, òun fúnra rẹ̀ sì dúró sẹ́yìn igi. Ìyá rẹ bá mi lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ èsì ìdánwò ọmọ. Mo sáré bọ̀. Fèrè dún. Mo tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò náà dúró gbọin, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fa ìwọ̀n mi yọ lápò, mo wọ̀n ọ́n: ó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́rin kó tó kan ilà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ní ó ti tó. Mo ní kò tó, pé tábìlì rẹ̀ ò tíì gba ẹ̀bẹ̀ tó. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe é. Ní ìgbà kẹta, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti jáde eré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ọ̀gá náà jáde látẹ̀yìn igi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì ní Bàbá, àwọn ọ̀dọ́ tó wá lónìí ò mọ bíréèkì tẹ̀ tó yín. Mo ní kó tún un sọ kí ìyá rẹ gbọ́. Ó tún un sọ. Inú mi dùn, ọmọ mi, inú mi dùn débi pé mo wa ìyá rẹ yí ìlú po lẹ́ẹ̀mejì kí a tó lọ sílé, ìgbà kejì yẹn, mo rọra ń lọ níwájú ìsọ̀ mẹkáníìkì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí obìnrin atòtáyà yẹn wà lábẹ́ mọ́tò, ó bi mí pé inú kòtò wo ni mọ́tò yìí jìn sí. Mo ní kò jìn sí kòtò kankan látìgbà tí mo ti ń wà á. Ó ní Bàbá, ó jìn sí kòtò, ẹsẹ̀ iwájú òsì ló fi jìn. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ nígbà tí a dé láti pápá, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lásán ni mo ṣe sọ ọ́. Ìyá rẹ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yàrá tó ti gbá láàárọ̀. Mo mọ ìyá rẹ. Mo ń wò ó títí ó fi ju ọwọ̀ sílẹ̀.

Irọ́ ì báà rin ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ó ní nígbà ìsinmi tí o wá, ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo sùn lẹ́yìn oúnjẹ, o gbé mọ́tò mi lọ ra búrẹ́dì, o sì tì í sínú gọ́tà ẹ̀yìn kànga. Ó ní ọkùnrin márùn-ún ló gbé e jáde, pé o fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, o sì dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bẹ òun pé kí òun má sọ fún mi. Ó ní nígbà tí òun rí i nínú fóònù pé ìwọ gan-an lò ń sọ pé ojú mi ti lọ, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun òun ní ìgbà púpọ̀, àmọ́ òun ti ṣèlérí. Ìwọ! Alága ìpàdé.

Inú bí mi fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan. Lẹ́yìn náà mo rántí ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje, tí o fọ́ irin ìfági mi, tí o sì rì í sínú àpò ìrẹsì, tí mo pariwo débi pé o sá lọ sílé ìyá àgbà fún ọjọ́ méjì. Nítorí náà mo mọ ohun tó mú ọ fi kòtò pamọ́ fún mi. Ẹnu mi ìgbà yẹn ni o ṣì ń sá fún. Má sá mọ́, ẹnu náà ti rọ̀. Mo sì mọ̀ pé o ò mọ̀ pé kòtò yẹn ló wọ́ táyà, nítorí èmi tí mo mọ̀ ọ́n wọ̀n gan-an ò mọ̀. O ṣáà rí i pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò sì wọ kèrègbè.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Fi owó aláìmẹ́ǹtì ránṣẹ́, àti ti táyà kan, àti ti bíréèkì méjì tí a rà lásán. Ti ọgbà tíṣà, má ṣe ìyọnu, mo ti fi ọwọ́ mi kàn án padà, ó sì dára ju ti tẹ́lẹ̀. Má fi owó náà gba báńkì o. Ìgbà tí o ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, báńkì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n má sọ nọ́ńbà mi fún ẹnikẹ́ni. Mo débẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kí n sọ nọ́ńbà mi. Mo ní rárá, mo ti gbọ́ ìkìlọ̀. A wo ara wa títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ inú yàrá ìpàdé yẹn, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá yege, pé ojú Bàbá dára, kí àtàǹpàkò olójú-ọsàn yẹn sì wá dáhùn.

Fi owó díẹ̀ kún un fún dígí. Kì í ṣe ti ìwakọ̀. Ojú òkèèrè mi dára, dókítà sọ bẹ́ẹ̀, pápá sọ bẹ́ẹ̀. Ti ìtòsí ni. Nígbà tí ọ̀gá fún mi ní ìwé àṣẹ náà, mo gbé e súnmọ́ ojú, mo gbé e jìnnà, ọwọ́ mi ni kò gùn tó. Ìyá rẹ ló ka orúkọ mi fún mi. Ṣé o rí i pé mo kọ lẹ́tà yìí gàdàgbà gàdàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba ìwé mọ́kànlá, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí bíréèkì ayé rẹ máa di táyà mú, kí táyà rẹ máa di ilẹ̀ mú. Ibi tí o bá ń lọ, o ò ní ya bàrá. Ibi tó yẹ kí o dúró, wàá dúró kí o tó kan ilà. Àwọn ọmọ tí o bí á máa béèrè lọ́wọ́ rẹ kí wọ́n tó ṣe ìpàdé lé ọ lórí.

Má sọ ọ̀rọ̀ dígí yẹn fún àwọn àbúrò rẹ. Bá mi pa tèmi mọ́, èmi á bá ọ pa ti kòtò mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
awakọ̀ tó ní ìwé àṣẹ.